Ẹ yéé ta irinṣẹ́ bàbá yín fún oníkọ̀ńdẹ̀mù

Bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ ohun tó ń dá iṣẹ́ káfíńtà dúró nílẹ̀ wa, kì í ṣe àga tó ń ti òkè òkun wọlé ni màá kọ́kọ́ dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iná mànàmáná tí kì í dúró. Irinṣẹ́ ni. Ẹ yà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó bá sún mọ́ yín, kẹ́ ẹ ní kó mú ìfági rẹ̀ jáde, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní pléènì. Àfàìmọ̀ kẹ́ ẹ má rí i pé tuntun ló rà á, kò sì tíì pẹ́ tó rà á, síbẹ̀ ńṣe ni abẹ rẹ̀ ń ká bíi páànù. Bó bá pọ́n ọn láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ó ti kú. Tó bá wá jẹ́ ìrókò ló fẹ́ fá ńkọ́? Ìrókò máa ń ní òkúta nínú, gbogbo onípákó ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí irú pléènì yẹn bá pàdé òkúta inú ìrókò, ọ̀rọ̀ di ká lọ ra òmíràn.

Káfíńtà ọ̀hún á sì ra òmíràn lóòótọ́. Tó bá fi máa tó ọdún mẹ́wàá, ó lè ti ra márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀, pléènì tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ń lò, ẹyọ kan ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, ó ṣì ń gé. Èmi ò mọ òwò míì téèyàn ti ń fi owó gidi ra èyí tí kò dáa, tí wọ́n sì ń wọn èyí tó dáa ní kílò fún àwọn tó ń ra irin kọ̀ńdẹ̀mù.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí nìyẹn. Irinṣẹ́ àtijọ́ tí káfíńtà ń fọwọ́ lò, ìyẹn ayùn, pléènì, ṣísẹ́ẹ̀lì àti irú wọn, òwò gidi ló wà nínú rẹ̀. Ibi méjì ló wà. Èkíní wà nínú ilé tiwa, nínú àpótí àwọn bàbá tó ti kú. Èkejì wà lọ́jà ẹrù àlòkù nílùú ọba, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Àwa ò ka ọ̀kankan nínú méjèèjì sí.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ló dé tí ti àtijọ́ fi dáa ju tuntun lọ. Kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ràn nǹkan àtijọ́. Láàárín àwọn ọdún 1740 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Huntsman, ní Sheffield lórílẹ̀-èdè England, rí ọgbọ́n yíyọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀, kí líle rẹ̀ lè dọ́gba jálẹ̀. Irin yẹn wà lára ohun tó sọ Sheffield di ìlú irinṣẹ́. Títí dòní, ẹ ó rí ṣísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tí wọ́n tẹ CAST STEEL sí lára. Ẹ má fojú fo irú rẹ̀ o. Ní Amẹ́ríkà, Henry Disston bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ayùn ní Philadelphia ní ọdún 1840. Ní ọdún 1869, iléeṣẹ́ Stanley ra ẹ̀tọ́ pléènì onírin tí Leonard Bailey gbé kalẹ̀, èyí téèyàn lè fi ìdè kékeré tó wà lẹ́yìn abẹ yí i wá sókè tàbí kó yí i lọ sísàlẹ̀. Pléènì onírin tí gbogbo káfíńtà mọ̀ lónìí, ìran rẹ̀ ni. Ní nǹkan bí ọdún 1930, iléeṣẹ́ Record náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú ẹ̀ ní Sheffield.

Lásìkò yẹn, ẹni tó ra pléènì, òun ló fi ń jẹun. Bí kò bá gé, á dá a padà, á sì sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ oníná wá gbòde lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ẹni tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ra pléènì ni baálé ilé tó fẹ́ kan pákó kan mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìyẹn ò mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa, àwọn iléeṣẹ́ sì mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù nìyẹn: irin di fẹ́lẹ́, èèkù tó jẹ́ igi di ike. Mi ò ní gbogbo tuntun ni kò dáa o. Àwọn kan ṣì ń ṣe ojúlówó, bíi Lie-Nielsen ní Amẹ́ríkà, àmọ́ pléènì wọn tó wà fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ẹyọ kan ti lé ní 300 pọ́n-ùn. Káfíńtà wo ní Mushin ló fẹ́ ra ìyẹn?

Àwa náà ti jẹ àǹfààní irinṣẹ́ àtijọ́ yìí rí. Nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Erékùṣù Èkó ní ọdún 1894, kò tíì sí iná mànàmáná nílùú náà rárá. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé, àtàwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn, fèrèsé àti àtẹ̀gùn àwọn ilé ńláńlá ìgbà náà. Lẹ́yìn wọn ni rélùwéè, P.W.D. àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba tún kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níṣẹ́ igi, irinṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń lò. Irin kì í ṣe ẹran tó ń jẹrà lọ́jọ́ mẹ́ta. Níbo ni gbogbo ẹ̀ wá wọlẹ̀ sí?

Mo lè sọ ibi tí díẹ̀ lọ. Ní àdúgbò kan l'Ábẹ́òkúta, bàbá káfíńtà kan kú, àwọn ọmọ ṣe òkú náà dáadáa, aṣọ ẹbí wà, olórin wà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi yàrá ẹ̀yìnkùlé háyà, ni wọ́n bá pe oníkọ̀ńdẹ̀mù. Ìyẹn gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀, ó da pléènì mẹ́ta, ayùn bíi mẹ́fà àti ṣísẹ́ẹ̀lì tó kún agolo pọ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì onírin tó ti kán, ó wọ̀n ọ́n, ó sanwó, ó ń lọ. Gbogbo owó tó san ò lè ra pléènì tuntun ẹyọ kan. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ́ irin di ọ̀pá ìkọ́lé ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ máa ń gbẹ̀yìn sí, tó túmọ̀ sí pé irin tí wọ́n fi sùúrù ṣe ní Sheffield ti lè wà nínú òrùlé petesì ẹnì kan báyìí. Ẹni tó mọyì wúrà là á tà á fún. Àwọn ọmọ bàbá yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ni.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sáwọn òyìnbó, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwọn ń dé ọjà kó tó dé iná. Bàbá kú, ọmọ ń gbé fúláàtì, kò ní ibi tó fẹ́ gbé àpótí irinṣẹ́ sí. Nílùú ọba, ọjà kan wà tí wọ́n ń pè ní car boot. Oníkálukú á wa mọ́tò ẹ̀ lọ sí pápá tàbí gbàgede ilé-ìwé, á ṣí búùtù, á sì pàtẹ ohun tí kò lò mọ́. Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní Peckham àti Manchester mọ ọjà náà dáadáa, aṣọ ọmọdé àti abọ́ lẹ kàn ń rà níbẹ̀. Àárọ̀ Sunday ló pọ̀ jù, mo sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ máa ń lọ, àmọ́ ẹni tó bá dé ibẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ á ti ra tiẹ̀ tán kí orin ìyìn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dé ní aago mẹ́wàá, ohun táwọn oníṣòwò fi tọ́ọ̀ṣì wò tí wọ́n fi sílẹ̀ ló máa bá. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́yinjú àánú náà ń ta irú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn ilé gbànjo kan wà tó jẹ́ pé irinṣẹ́ àtijọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n tà. Pléènì Stanley tàbí Record tó mọ́ níwọ̀nba, nǹkan bíi 5 pọ́n-ùn sí 20 pọ́n-ùn ni wọ́n sábà máa ń pè é ní car boot. Ṣísẹ́ẹ̀lì lè jẹ́ pọ́n-ùn kan tàbí méjì.

Ẹni tó bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń wò. Ẹ má jẹ́ kí ìpẹtà dẹ́rù bà yín, òun gan-an ló jẹ́ kí ọjà náà pọ́ọ́kú. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ sá fún ni pléènì tó bá là. Irin tí wọ́n yọ́ dà sínú ìdà ni ara pléènì, kì í ṣe irin táwọn wẹ́dà ojú pópó lè jó kó sì dì bíi ti tẹ́lẹ̀. Tó bá ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ibi tí abẹ ń gbà yọ, ẹ dá a padà sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tú abẹ, kẹ́ ẹ yí i, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ibi tó ti ń gé. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ síbẹ̀, kò ní mú dáadáa títí tẹ́ ẹ ó fi pọ́n ọn kọjá ihò náà. Kẹ́ ẹ sì wo bí abẹ ṣe gùn tó kù, nítorí òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti pọ́n ọn tán kó tó kú.

Ní ti ayùn, ẹ gbé e sókè bí ẹni fẹ́ yìnbọn, kẹ́ ẹ fi ojú kan wò ó láti èèkù lọ dé ìparí. Tó bá wọ́ bí ejò, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Eyín tó kú kì í ṣe wàhálà, fáìlì onígun mẹ́ta á jí i. Eyín tó kán, méjì mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ni wàhálà. Ní ti ṣísẹ́ẹ̀lì, bí ẹnu rẹ̀ bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí tó dúdú bí aró, ẹnì kan ti fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ títí tó fi jóná, líle ibẹ̀ sì ti lọ nìyẹn. Èmi fẹ́ràn kéèyàn mú fáìlì kékeré kan sápò. Tí fáìlì bá ń yọ̀ lẹ́nu ṣísẹ́ẹ̀lì tí kò lè jẹ ẹ́, irin náà ṣì le. Tó bá ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ìṣó, ó ti rọ̀. Àmọ́ ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ọjà kẹ́ ẹ tó dán irú ẹ̀ wò o.

Nọ́ńbà pléènì náà ṣe pàtàkì. Nọ́ńbà 4 gùn tó nǹkan bí ínǹṣì 9, òun ni wọ́n fi ń dán igi. Nọ́ńbà 5 gùn tó ínǹṣì 14, bí káfíńtà kò bá ní ju ẹyọ kan lọ, òun ni kó ní. Nọ́ńbà 7 jẹ́ ínǹṣì 22, ó wà fún pákó gígùn àti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Bẹ́ ẹ bá ṣe kòńgẹ́ Stanley nọ́ńbà 1, tí kò gùn ju ínǹṣì 5 ààbọ̀ lọ, tàbí pléènì Norris ti London, ẹ má fi ránṣẹ́ sílé. Àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ń san owó gọbọi lé wọn lórí, kẹ́ ẹ tà á fún wọn níbẹ̀, owó ẹ̀ á ra ogún tó ṣeé lò. Ẹ ó tún rí pléènì onígi, tí ẹni tó ni ín fi irin tẹ orúkọ rẹ̀ sí níwájú. Òmíràn á ní orúkọ méjì mẹ́ta, ti àwọn tí wọ́n ti jọ fi ṣiṣẹ́ láti ìran dé ìran. Ó dùn-ún wò, àmọ́ kòkòrò máa ń jẹ ẹ́, ẹ wò ó dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ní ọdún 2025, pọ́n-ùn kan ń lọ sí nǹkan bí 2,000 náírà. Pléènì tẹ́ ẹ rà ní 10 pọ́n-ùn ti di nǹkan bí 20,000 náírà kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e. Ó wúwo, ẹ ò lè kó o bí ẹni kó aṣọ, àmọ́ èyí tó bá wà láàárín aṣọ àti bàtà nínú dúrọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ ti sanwó ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gba àyè. Ẹ bi ẹjẹ́ńtì yín nípa owó kọ́sítọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó di ẹrù, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti dé Apápá. Òótọ́ ni pé èyí tó ń ká bíi páànù lè má tó iye yìí lọ́jà. Àmọ́ ẹni tó ń ra ìyẹn lọ́dọọdún ló ń ná owó jù.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ layé ń lò báyìí. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìfági tó sì ní iná, kó fi ṣe pákó ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, ta ni inú ẹ̀ ń dùn láti tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ilẹ̀kùn kan tó ń há? Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn tó ń há àti dúrọ́ọ̀ tí kò wọlé dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni oníbàárà ti ń mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń parí wọn.

Ẹ̀sùn kejì lágbára ju ìyẹn lọ, òun ni pé a ti sọ ilẹ̀ wa di ààtàn òyìnbó. A mọ ohun tí tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì tókunbọ̀ fojú wa rí. Fíríìjì tókunbọ̀ wà lára ohun tí ìjọba fòfin dè pé kò gbọ́dọ̀ wọlé. Èsì mi ni pé tókunbọ̀ ò jọ tókunbọ̀. Fíríìjì àlòkù ń kú lọ ni, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ọ́ di ọ̀tun. Pléènì ò ní wáyà, kò ní gáàsì, bí abẹ rẹ̀ bá tán, abẹ míì á wọ̀ ọ́. Àmọ́ mo gbà pé bí ojúkòkòrò bá wọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan á kó èyí tó ti là àti èyí tó wọ́ wálé, wọ́n á kùn ún lọ́dà dúdú, wọ́n á tà á fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ẹ jẹ́ ká wo Tools for Self Reliance ní England. Ẹgbẹ́ aláàánú ni, ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n máa ń gba irinṣẹ́ àtijọ́ jọ, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á pọ́n ọn, kí wọ́n tó kó o lọ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Tanzania, Sierra Leone àti Ghana. Àtúnṣe ló kọ́kọ́ ń wáyé, ẹrù ló tẹ̀ lé e.

Àtúnṣe yìí ni mo rí owó sí jù, níbí yìí o, kì í ṣe nílùú ọba. Ọ̀dọ́ tó bá ní sùúrù lè fi ṣe iṣẹ́. Á rẹ irin tó dípẹtà sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún wákàtí díẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, nítorí omi kíkan á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin fúnra ẹ̀. Á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ọ́, á fọ̀ ọ́, á nù ún gbẹ kíákíá, á fi epo pa á. Á lẹ sáńpépà mọ́ dígí tó nípọn, á máa fa ìsàlẹ̀ pléènì lórí ẹ̀ títí tó fi máa tẹ́jú. Á wá fi òkúta ìpọ́nrin pọ́n abẹ, pẹ̀lú ọwọ́. Kó má gbé e lọ bá ẹlẹ́rọ tó ń lọ irin lójú pópó, iná tó ń ta yẹn ló ń ba abẹ jẹ́. Ọjọ́ kan á tó o fún pléènì kan, bó bá sì mọ́ ọn lọ́wọ́ tán, á máa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa náà ò kéré, àwọn tó ń fi sípíríǹgì mọ́tò rọ irinṣẹ́ fún àwọn agbẹ́gilére lè rọ ṣísẹ́ẹ̀lì tó máa le dáadáa. Pléènì onírin nìkan ni mi ò tíì rí kí wọ́n rọ.

Ẹ̀yin òbí àtẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ń tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀. Owó tẹ́ ẹ ń ná sórí fíríìdọ̀mù, ìyẹn kánópì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìrẹsì àti aṣọ tí wọ́n dá jọ, ẹ yọ apá kan nínú ẹ̀ sọ́tọ̀. Pléènì nọ́ńbà 5 kan, nọ́ńbà 4 kan, ayùn méjì, ṣísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin, fáìlì onígun mẹ́ta àti òkúta ìpọ́nrin kan, gbogbo ẹ̀ nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ nílùú ọba, kó kọ nọ́ńbà wọ̀nyí ránṣẹ́ sí i ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ náà, kó sì sọ fún un pé kó má wo ìpẹtà, ẹ̀yìn abẹ ni kó wò. Ilé tí bàbá káfíńtà bá sì ti kú sí, ẹ pe káfíńtà àdúgbò wá wo inú àpótí náà kẹ́ ẹ tó pe oníkọ̀ńdẹ̀mù. Òun náà á na owó, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí òṣùwọ̀n máa mú wá.